Ọjọ́ àti Ìṣẹ̀lẹ̀: Àyẹ̀wò Àlímánáàkì J. A. Ọ̀túnba Payne àti Ìwé Ojoojúmọ́ fún Kíláàsì Yorùbá

Ìfáárà

Ọdún 1874 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọn kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ títí di ọdún 1886. Ọdún 1874 yìí kan náà ni John Augustus Ọ̀túnba Payne bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àlímánáàkì rẹ̀ jáde fún Èkó àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ Sàró ni a bí Payne sí ní ọdún 1839, Ìjẹ̀bú ni orírun rẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí ó tó di olóògbé ní ọdún 1906. Ní ọdún 1893, ó tẹ ìwé mìíràn jáde. Bí a bá tú àkọlé rẹ̀ sí èdè Yorùbá, ohun tí yóò jẹ́ ni Àtẹ Àwọn Ìṣẹ̀lẹ̀ Pàtàkì nínú Ìtàn Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé méjèèjì.

Àwọn onímọ̀ ìtàn mọ Payne dáadáa, wọ́n sì máa ń lo iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí àká: wọ́n á wọlé, wọ́n á bu ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á jáde. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín yàtọ̀. A fẹ́ wo àlímánáàkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ìwé kan tí ó ní ìrísí àti ìlànà tirẹ̀, kí a sì béèrè ohun tí ìrísí náà ń ṣe sí ìtàn tí a bá kó sínú rẹ̀. Èrò wa ni pé Àtẹ ti ọdún 1893 sún mọ́ ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà rántí ọjọ́ ju àlímánáàkì olójúewé-ọjọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ojoojúmọ́ ní èdè Yorùbá, ìwé tí ìtàn, ohun ìyanu, ẹ̀fẹ̀ àti àròjinlẹ̀ yóò jọ wà nínú rẹ̀, ìdí Àtẹ náà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ wa. Ní àwọn ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, ó ti di àṣà láti gbé pátákó kékeré kan kọ́ sára ògiri kíláàsì kí a sì kọ ‘Òní nínú Ìtàn’ sí orí rẹ̀. Ìdáwọ́lé tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn ará òkèèrè ni a ti ń da ohun tí a ń kọ sí i kọ, kí a tó tú u sí Yorùbá: ọjọ́ tí ọmọ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ lé òṣùpá, ọjọ́ tí wọ́n bí onímọ̀ kan ní Jámánì. A kò ní kí ọmọ má mọ̀ nípa òṣùpá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jókòó sí kíláàsì ní Atosin, ní ilẹ̀ Ìdànrè, fún odindi ọdún, tí kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ìdànrè lórí pátákó náà, ẹ̀kọ́ mìíràn ni a ti kọ́ ọ láìlanu.

Àlímánáàkì ara ògiri

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Payne, ó yẹ kí a wo irú àlímánáàkì tí gbogbo wa mọ̀. Wọ pálọ̀ àgbàlagbà kan ní Ìdànrè tàbí ní ibikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, wàá rí bébà gbọọrọ lára ògiri. Àwòrán ọba tàbí ti alága ẹgbẹ́ ni ó wà láàrin, ó tóbi ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn ìjòyè tàbí àwọn olóyè ẹgbẹ́ yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ipò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni oṣù méjìlá wà, wọ́n há wọn mọ́ra, lẹ́tà wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ yóò ní láti bọ́ sẹ́yìn àga kí ó sì ya ojú sí i.

Ẹ̀rí wà pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́: bí ọdún bá parí, wọn kì í já a. Àlímánáàkì tí ó ti pé ogún ọdún yóò ṣì wà níbẹ̀, oòrùn yóò ti jẹ àwọ̀ rẹ̀, baálé ilé yóò sì máa fi ìka tọ́ka sí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀: èyí ti kú, èyí ti di ọba, èyí ni ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ. Ìwé ìtàn ni lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ni a fi ń mọ ọdún, a kì í fi ọdún mọ àwọn ènìyàn. Lámèyítọ́ tí ó bá pe irú àlímánáàkì bẹ́ẹ̀ ní ohun ọ̀ṣọ́ lásán kò tíì kà á.

Irú kejì tí ó wà nínú ilé ni ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ ti àwọn ìjọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, òun nìkan ni ìwé tí ó ní ojúewé kan fún ọjọ́ kan. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn wa lè ka ojúewé kan lójoojúmọ́ láìsú wọn, bí ohun tí ó wà níbẹ̀ bá kan ayé wọn. Ẹni tí ó ń sọ pé Yorùbá kì í kàwé, kí ó lọ wo ìwé àṣàrò tí etí rẹ̀ ti fà ya lórí tábìlì.

Payne àti ilé-ẹjọ́

Ìwé àkọ́kọ́ Payne, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, jẹ́ àlímánáàkì, ó sì tún jẹ́ ìwé tí ènìyàn lè máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ tirẹ̀ sí. Ẹ̀yà kejì yìí ṣe pàtàkì. Ìwé tí òǹkọ̀wé parí ìdajì rẹ̀ tí ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á jẹ́ ìwé tí ó gbà pé ẹlòmíràn náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí a bá ń wá ibi tí àròjinlẹ̀ ara-ẹni ti wọ inú àlímánáàkì ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni, nínú àyè tí a fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí àyè náà? Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní owó ìwé, tí ó ń gbé Èkó tàbí etíkun: akọ̀wé, oníṣòwò, àlùfáà, agbẹjọ́rò. Àwọn Sàró bíi Payne fúnra rẹ̀ ni. Ní ọdún 1874, àwọn ará Ìdànrè ṣì wà lórí òkè, ní Ufẹ̀-Òkè. Ilé-ìwé àkọ́kọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún 1896 ni a ń tọ́ka sí fún ìyẹn. A kò dá Payne lẹ́bi fún èyí. Oníṣẹ́ ọba ni, ó sì ṣe ìwé fún àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìrísí ìwé náà, oṣù méjìlá Gẹ̀ẹ́sì láti January dé December, kò béèrè lọ́wọ́ Yorùbá bí ó ṣe ń ka ọjọ́.

Iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ni ó mú kí Payne béèrè. Orí ìwé ti ọdún 1893 sọ ọ́ ní gbangba pé lílò nínú àwọn ilé-ẹjọ́ ni a tìtorí rẹ̀ kó o jọ ní pàtàkì. Kí ni ilé-ẹjọ́ fẹ́ fi àtẹ ìtàn ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ẹjọ́ ilẹ̀. Adájọ́ bi ẹlẹ́rìí pé, ‘Ìgbà wo ni bàbá rẹ fún ọkùnrin yìí ní ilẹ̀?’ Ẹlẹ́rìí dáhùn pé, ‘Nígbà tí ogun Ìjàyè ń jà lọ́wọ́, tí mo ń gbé àkọ́bí mi pọ̀n.’ Ìdáhùn pípé ni lójú ẹni tí ó sọ ọ́, àti lójú gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Lójú adájọ́ tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì dáhùn rárá. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ni yóò dúró sí àárín àwọn méjèèjì kí ó sì sọ pé ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, pé ìlú náà tú ní ọdún 1862, nítorí náà àkọ́bí ìyá yìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo Àtẹ náà. Ìwé ìtumọ̀ ni, bí ìwé atúmọ̀-èdè ti rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó ń túmọ̀ bí kò ṣe àkókò. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àkókò tí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ mọ̀, apá kejì jẹ́ àkókò tí a fi iye mọ̀. Ó gbà pé ẹlẹ́rìí tí kò mọ ‘1860’ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ ọjọ́ rẹ̀, èdè tí ó fi mọ̀ ọ́n ni ó yàtọ̀. Lójú tiwa, kò sí ohun tí Payne ṣe tí ó bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ Yorùbá ju èyí lọ, ì báà jẹ́ pé nítorí kí iṣẹ́ ọ́fíìsì lè yá ni ó ṣe é.

Ọgbọ́n náà kò tíì kú. Nínú ètò ìkànìyàn, bí akànìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́-orí rẹ̀, àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ àdúgbò ni yóò yọ: ọdún tí ọba báyìí gorí oyè, ọdún tí àfárá báyìí já. Ẹni tí ó bá sì ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ṣe ìwé ìbúra ọjọ́-orí ní kóòtù yóò mọ̀ pé ìbéèrè Payne ni akọ̀wé kóòtù ṣì ń béèrè. Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á kàn kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún kan tí ó sún mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bí sínú oko kòkó fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ ọdún tuntun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, títí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yóò fi dé.

Àbùkù wà lára Àtẹ náà, inú àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó sì wà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ‘pàtàkì’ ni ó pè é. Pàtàkì fún ta ni? Ogun, àdéhùn, ikú ọba, dídé òyìnbó: ohun tí ìjọba àti ilé-ẹjọ́ ń kà sí pàtàkì nìyẹn. Ẹni tí ó ń gbé ìlú kékeré ní ìṣẹ̀lẹ̀ tirẹ̀ tí kò dé Èkó rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀nyẹn ni ó fi ń mọ ọjọ́-orí ọmọ rẹ̀. Àtẹ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kò lè tó. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó ní tirẹ̀.

Àwọn ará òkèèrè

Kí a má ba à rò pé ẹ̀yà ìwé yìí kò ní àǹfààní, ẹ jẹ́ kí a yára wo mẹ́ta. Johann Peter Hebel ní Jámánì kọ ìtàn kéékèèké, ẹ̀fẹ̀ àti àlàyé nípa oòrùn òun òṣùpá sínú àlímánáàkì tí àwọn àgbẹ̀ ń rà, ó sì kó àwọn àṣàyàn rẹ̀ jọ sínú ìwé ní ọdún 1811. Robert Chambers tẹ ìwé ọjọ́ ńlá jáde ní Edinburgh ní ọdún 1864, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn àti ohun ìyanu tirẹ̀. Ní ọdún 1864 yẹn, Payne kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ní ọdún 2012, Eduardo Galeano ti Uruguay kọ ìwé olójúewé-ọjọ́ tí ó fi èrò ara rẹ̀ hàn nínú rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Hebel ni ó wúlò jù fún wa nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé àgbẹ̀ ni ó kọ̀wé fún, kò sì fi àgbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Chambers gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wúwo bí òkúta ọlọ, ẹni tí ó ní àyè ni ó wà fún.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́

Ìwé ojoojúmọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ìkà ọjọ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òní wà nínú ìkà Yorùbá. Òní, ọ̀la, ọ̀tunla: mẹ́ta. Ọjà ọrún ni ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàrin ìbẹ̀rẹ̀ ọjà kan àti èkejì lójú ẹni tí ó ń kà á bí òyìnbó. Ìsán di mẹ́jọ, ìtàdógún di mẹ́rìndínlógún. Ìyàtọ̀ ọ̀kan yìí ni ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú nígbà tí wọ́n bá ka ìwé kan tí ó ní ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí òmíràn sì ní ó jẹ́ márùn-ún. Ìwé méjèèjì tọ̀nà. Ìkómọjáde ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀rí tí ó yá jù tí olùkọ́ lè fi ṣàlàyé, nítorí pé ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi Kọ́jọ́dá dípò àlímánáàkì Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta, àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Okúdù. A gbóríyìn fún wọn ní ti ọjọ́ mẹ́rin náà, nítorí pé wọ́n wà láàyè lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà àti nínú ọjà. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí wọ́n ń kọ sí i, tí ó ti ju ẹgbàárùn-ún lọ, kò ní ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tí a lè tọ́ka sí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ìwé tí ó fẹ́ dá wa padà sí ìkà Yorùbá fi iye asán ṣe orí. Yorùbá kì í ka ọdún láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Orúkọ ènìyàn náà jẹ́ àlímánáàkì. Abíọ́dún, Bọ́sẹ̀dé, Abíọ́nà, Jímọ̀, Àlàmísì: ọjọ́ tàbí ipò ìbí wà nínú orúkọ kí akọ̀wé tó dé. Olùkọ́ tí ó bá pe rẹ́jísítà láàárọ̀ ti ka ojúewé kan nínú ìwé ojoojúmọ́ kíláàsì rẹ̀, bí ó bá fetí sí i.

Ẹ̀fẹ̀

Ibi tí àwọn pátákó kíláàsì ti ń kùnà jù ni ẹ̀fẹ̀. Wọ́n á kọ ìtàn sí òkè, wọ́n á sì fi àpárá kan tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀, kò sì ní í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Nínú ìrántí Yorùbá, ẹ̀fẹ̀ kì í jókòó lọ́tọ̀. Inú orúkọ tí a fún ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń gbé. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú-omi ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní òpin oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1851, àwọn ìwé ìjọba fún un ní orúkọ tí ó bá ìwé ìjọba mu. Àwọn tí ìbọn ń dún sí létí pè é ní Àgídìngbì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní ọdún 1877: ìró ìbọn ńlá tí ó ń bú láàrin òkè ni ó di Kírìjì. Orúkọ méjèèjì jẹ́ ti ẹni tí ó wà níbẹ̀. Etí ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ìbẹ̀rù wà nínú wọn, ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín lẹ́yìn ìbẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ‘Gẹ̀ẹ́sì kọ lu Èkó, 1851’ sórí pátákó tí kò kọ Àgídìngbì, ó ti ju ìdajì ìtàn náà nù.

Atosin

Atosin jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, kòkó sì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń gbìn. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìdánrawò ìkọ́ni mú pátákó òkèèrè náà sọ̀ kalẹ̀ fún sáà kan, kí wọ́n sì fi ohun tí àwọn àgbà àdúgbò bá sọ rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ni a fún wọn: kí wọ́n má béèrè pé ‘ọjọ́ wo?’ Kí wọ́n béèrè pé ‘kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà?’ Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ọjọ́ rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ díẹ̀ wò lára ohun tí wọ́n mú wá.

Fún ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n kọ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà ní ọdún 1955. Ìyá kan ni ó sọ ọ́, kò sì mẹ́nu ba ìjọba kankan. Ohun tí ó sọ ni pé òun wọ ilé-ìwé ní ọdún tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan etí. Gbogbo àgbà mọ ìdánwò yìí: ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì, bí ó bá kàn án, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ó wọlé. Ìyá náà ní ọwọ́ òun kò kàn án ní ìgbà àkọ́kọ́, òun bá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, olùkọ́ sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Níbí yìí, ìtàn, ẹ̀fẹ̀ àti àròjinlẹ̀ jọ wà nínú gbólóhùn mẹ́ta, ọjọ́-orí ìyá náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955. Payne ì bá ti mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ojúewé 20 oṣù Èbìbí fa àríyànjiyàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Èbìbí ọdún 1947, òjìji òṣùpá gba orí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ní ọ̀sán, oòrùn sì wọ̀ lójú ọ̀run. Bàbá kan, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, rántí pé àwọn adìyẹ wọ ilé lọ sùn. Ó ní ẹ̀yìn tí bàbá òun ti ta kòkó fún Bọ́ọ̀dù ni. Èkejì rẹ̀ ní rárá o, kò tíì sí Bọ́ọ̀dù nígbà náà. Ọdún 1947 ni wọ́n dá Bọ́ọ̀dù kòkó ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sílẹ̀, sáà kòkó ńlá kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí òjò yóò fi rọlẹ̀ ní ìparí ọdún. Nítorí náà, ó jọ pé bàbá kejì ni ó jàre: oṣù Èbìbí ti kọjá kí sáà kòkó ńlá àkọ́kọ́ lábẹ́ Bọ́ọ̀dù náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni ó ro ó jáde, inú wa sì dùn sí i ju bí ẹni pé wọ́n kà á nínú ìwé lọ. A tún rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ọdún tí ọ̀sán dòru àti ọdún tí owó kòkó yí padà ti so mọ́ ara wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì kọ àlàyé wọn sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Igbe kò gba àyè púpọ̀. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1972, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì sílẹ̀ fún apá ọ̀tún. Awakọ̀ àtijọ́ kan ní gbogbo ènìyàn ni ìjọba kéde fún lórí rédíò, àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìsọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tóbi tó o nínú ìrántí àwọn ará Ìdànrè. Ọdún 1923 ni àwọn ìwé ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n fi Ufẹ̀-Òkè sílẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé-ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè títí di òní, Òkè Ìdànrè sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún UNESCO láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni wọ́n sọ̀kalẹ̀? Ìlú kì í kó ẹrù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìdílé kan yóò ti sọ̀kalẹ̀, òmíràn yóò ṣì wà lókè. Ọkọ yóò ti kọ́lé sísàlẹ̀, ìyá àgbà yóò ní òun kò lọ. Ìwé tí ó ní ojúewé 365 kò ní àyè kankan fún un. Ohun tí ó tóbi jù lọ ni kò rí ibi jókòó, ewúrẹ́ ojú títì sì rí. Níbi yìí ni àbùkù ìwé olójúewé-ọjọ́ ti hàn kedere, òun sì ni ìdí tí a fi sọ pé Àtẹ ọdún 1893 ni ó sún mọ́ wa jù, nítorí pé àtẹ kò nílò ọjọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó nílò, pẹ̀lú ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí a kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì, ni ó gé bébà tuntun, ó kọ ‘30 oṣù Èrèlé’ sí orí rẹ̀, ó sì kọ ìsọ̀kalẹ̀ náà sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ó gbà á láàyè, a sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí sáà fi máa parí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kọ ọdún tí kòkó rà lórí igi, ọdún tí odò gba ọ̀nà oko, àti ọdún tí ẹnì kan lọ sí ìlú òkèèrè tí kò padà mọ́ sórí bébà kan náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ wọn. Bébà mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.